Aṣọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Kásẹ́ẹ̀tì Hun

Okùn inú kásẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń hun aṣọ. Ẹni tí kò bá fojú rí i kò ní tètè gbà á gbọ́, torí èmi gan-an kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkirè nígbà náà, mi ò tíì lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé ọkọ ní Àpòmù, ó ti bímọ. Dírẹ́bà ni ọkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló fi ń kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tó bá sì ń kọjá níwájú ilé ìwé wa, á fun fèrè kí n lè mọ̀ pé òun ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó dúró. Ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyàwó mi, o ò wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń ṣe. Orin ló fi ń hunṣọ báyìí o."

Mo rẹ́rìn-ín. Aláwàdà èèyàn ni, bó sì ṣe máa ń pe èmi àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní ìyàwó náà nìyẹn. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ máa lọ, èrò ń pariwo lẹ́yìn yín."

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Àpòmù. Ilé wọn kò jìnnà sí oríta tí àwọn ọkọ̀ ti máa ń já èrò. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé, mo bá a nídìí òfì rẹ̀. Òfì àwọn obìnrin ni, èyí tí wọ́n máa ń gbé dúró ti ògiri. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí màmá wa, ní Ìkirè-Ilé, ló ti kọ́ ọ. Àwa méjèèjì la jọ jókòó ti ìyá àgbà nígbà tí a wà ní kékeré lẹ́yìn ikú màmá wa, ṣùgbọ́n èmi kò ní sùúrù rárá. Tí wọ́n bá ti ní kí n ran òwú, oorun á ti gbé mi lọ. Òun ló mọ iṣẹ́ náà, tó mọ kíjìpá hun débi pé àwọn ìyá tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá àgbà kì í mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí mo rí lórí òfì lọ́jọ́ náà kì í ṣe kíjìpá. Ó dúdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe dúdú aró. Ó jọ àwọ̀ kọfí tí èèyàn ò bu mílíìkì sí, ó ń dán, bí oòrùn sì ṣe ń kàn án ló ń kọ mànà. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka mi.

"Kí lèyí, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bùọ̀dá ẹ ò sọ fún ẹ ni?"

"Wọ́n sọ. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni."

Ó nawọ́ sí abọ́ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Okùn kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó ti ká wọn jọ bí ẹni ká òwú.

Rẹ́díò inú bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Rẹ́díò náà a máa jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti jẹ ẹ́ tán, ọkọ rẹ̀ á fà á yọ tìbínú-tìbínú, á mú un wálé, á sọ ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ kan ló lọ há sínú okùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń gbìyànjú láti já okùn náà kúrò lẹ́sẹ̀ adìẹ, òun fà á títí, kò já. Ó di ọ̀bẹ kó tó já. Àsìkò náà ni ọ̀wọ́n gógó dé, tí gbogbo ayé ń pariwo Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé. Òwú kò ṣeé rà mọ́, àwọn tó sì ń ra kíjìpá tẹ́lẹ̀ ti ń lọ ra òkìríkà. Òfì rẹ̀ ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Ó jókòó, ó ta okùn kásẹ́ẹ̀tì sí ìbú, ó fi ìwọ̀nba òwú tó kù sí òòró. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò dúró lórí kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo tún máa padà lọ, ó ti ń gé ọ̀rá iyọ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń hun ún mọ́ ọn. Ó ń tú àpò kòkó, ó ń yọ fọ́nrán rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ní gáréèjì ń bá a tọ́jú bébà fàdákà tó máa ń wà nínú páálí sìgá. Wọ́n á kó o fún ọkọ rẹ̀, wọ́n á ní, "Óyá, gbé e fún mádàámú." Ó dùn mọ́ wọn nínú, ó sì dùn mọ́ ọkọ rẹ̀ náà.

Nínú gbogbo aṣọ tó hun láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ó gùn ju ènìyàn lọ, apá mẹ́rin ló hun ún kó tó rán wọn pọ̀. Títì ló hun. Kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀dà tó dúdú tó ń dán, ọ̀rá iyọ̀ ni ìlà funfun tó ń gé kúrú-kúrú lọ láàárín, fọ́nrán àpò kòkó ni koríko ìgbà ọyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Níbì kan, ó fi ọ̀rá pupa díẹ̀ sí i, ó kéré, téèyàn ò bá fara balẹ̀ kò ní rí i.

Mo bi í pé, "Kí lèyí tó pupa?"

"Ibi tí mọ́tò ti dànù ni."

Ní ojú ọ̀nà tiwa, kò sí ẹni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún. Mo tún fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n máa fi aṣọ yìí ṣe? Kò ṣeé ró. Kò ṣeé bora."

"Wíwò ni."

"Wíwò nìkan?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu. "Ṣé ìwọ kì í wo nǹkan ni?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn. Mo fẹ́ sọ òótọ́ nípa ìyá yìí: wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Inú ìdílé mùsùlùmí la ti bí wa, ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń lọ, síbẹ̀ mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n fi ẹ̀sìn bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Tó bá bímọ, àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n aṣọ yìí ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wò ó bó ṣe ń hun.

"Ìyàwó, ta lo ń hun aṣọ yìí fún?"

"Kò sẹ́ni, Mà."

"Kò sẹ́ni tó ní kó o hun ún?"

"Kò sí, Mà."

Wọ́n mi orí, wọ́n wọlé. Ìdáhùn yẹn ló kó ìpayà bá wọn, mo mọ̀ nísinsìnyí. Lójú tiwọn, kò sí aṣọ tí kò ní olówó. Tí ẹnì kankan nínú ayé kò bá ní kí o hun ún, a jẹ́ pé ẹni tí a kò rí ló rán ọ níṣẹ́.

Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì inú bọ́ọ̀sì kò tó o lò mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní àárọ̀, tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé ìwé, á gbé àpò, á máa rìn létí títì lọ sí apá Wásinmi. Àwọn dírẹ́bà máa ń ju kásẹ́ẹ̀tì tó bá bàjẹ́ láti ojú fèrèsé, okùn rẹ̀ á sì lọ́ mọ́ koríko, á máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó ń tú wọn kúrò lára koríko, ó ń ká wọn sínú àpò. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ń ṣa nǹkan nílẹ̀ lẹ́bàá títì, kò sí ẹni tó máa ń bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn kíláàsì.

"Mo rí ẹ̀gbọ́n yín lọ́nà Wásinmi lánàá. Ṣé ara wọn yá ṣá?"

"Ara wọn yá."

"Ẹ má bínú o. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Ojú àánú tó fi wò mí ló dùn mí jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dàgbà jù, ọmọbìnrin, ti ń gba ọ̀nà inú oko lọ sí ilé ìwé kó má bàa pàdé ìyá rẹ̀ lójú títì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá rí aṣọ náà, wọ́n á mọ̀." Ó dá a lójú. Ó gbà pé ohun tí ojú bá rí, ẹnu á gba òótọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan rí i lóòótọ́. Àkókò ọlidé ni, mo wà ní Àpòmù lọ́dọ̀ wọn. Mọ́tò aláwọ̀ eérú ọkùnrin kan gbóná lóríta, ó wá tọrọ omi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ títì náà sórí okùn kí atẹ́gùn lè gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ọkùnrin náà gba kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mi, kò sì lọ. Ó dúró níwájú aṣọ náà, omi sì ń kán sí bàtà rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí lẹ fi ṣe é?"

Ó sọ fún un. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ó sún mọ́ ọn, ó fẹ̀yìn rìn, ó tún sún mọ́ ọn. Ó sì rí ibi tó pupa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án, ló bá ṣí fìlà. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní òun ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn. Ó ní ìpàtẹ kan ń bọ̀ níbi tí àwọn èèyàn á ti wá wo oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó jẹ́ kí òun gbé aṣọ náà lọ síbẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni mo máa gbé e padà wá, mà. Kó tó dìgbà yẹn, mo máa wá fi mọ́tò gbé yín kẹ́ ẹ lè wá wò ó níbẹ̀."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé àga fún un, wọ́n ti fún un ní dòdò tó kù láàárọ̀. Inú tiwọn náà dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ náà bí ẹni ká ẹní, ó fi ìró rẹ̀ kan wé e, ó gbé e sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú pé iṣẹ́ ìyàwó àwọn ti dé Ìbàdàn.

Ọkùnrin náà kò wá.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á wẹ̀ láàárọ̀, á wọ aṣọ tó dára, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lóríta. Tí mọ́tò aláwọ̀ eérú bá ń bọ̀, á dìde. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé ará Ìbàdàn dà. Èmi ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn nígbà tí ó pẹ́ jù. Mo rí ilé ẹ̀kọ́ náà. Obìnrin kan tó wà ní ọ́fíìsì níbẹ̀ ní ọkùnrin náà ti lọ sí òkè òkun, wọn ò mọ ìgbà tó máa dé.

"Ó gbé aṣọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi ìpàtẹ," ni mo wí.

"Irú aṣọ wo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi hun ún, mo ní ọ̀rá iyọ̀ wà níbẹ̀, mo ní títì ni. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, mò ń rí i lójú obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ mi ti ń jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ìpàtẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Mo lọ yọjú láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì ọkùnrin náà tó wà ní títì pa. Ère igi ni mo rí níbẹ̀, àti ìwé, àti eruku. Mo wọ mọ́tò padà sílé.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ń sọ ṣáá ni, "Ó ní òun máa gbé e padà wá." Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí bẹ́ǹṣì bọ́ sójú títì. Ó ń na ọwọ́ dá àwọn mọ́tò aláwọ̀ eérú dúró. Tírélà kan yà fún un níjọ́ kan, ó wọ inú koto, Ọlọ́run ló yọ gbogbo wọn.

Wọ́n pe ìpàdé mọ̀lẹ́bí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ní pálọ̀ ilé ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ni olórí ẹbí, òun ló ń darí ọ̀rọ̀. Bàbá wa wá láti Ìkirè, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àpótí láàárín wọn. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Olórí ẹbí ní, "A ò lè máa wò ó níran kí mọ́tò pa á. Ilé àdúrà kan wà lẹ́yìn Ìkirè. Ibẹ̀ la máa gbé e lọ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ tèmi. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Ẹnì kan gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ, kò gbé e padà. Ta ni inú ẹ̀ ò ní bàjẹ́?"

"Àbúrò ìyàwó, àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀."

Mo wo bàbá wa. Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà, ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò jáde dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ. Ohun tẹ́ ẹ bá rí pé ó yẹ, kí Alláhù fi àláfíà sí i." Mo wo ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Aláwàdà ọkùnrin yìí, mi ò rí i kó yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ hun èyí tó wà lórí òfì tán."

Ìyá ọkọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Ohun tí àwọn gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ohun tí èmi gbọ́.

Ilé àdúrà náà kò jìnnà sí ilé ìwé mi. Tí a bá ti jáde, mo máa ń lọ síbẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ fún un, ẹní ló ń sùn lé nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn. Àgbà obìnrin kan ló ń bójú tó wọn, a máa ń pè wọ́n ní Ìyá Àdúrà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Mo ti gbàdúrà fún un, mo sì ti wò ó dáadáa," ni wọ́n wí. "Orí ẹ̀gbọ́n ẹ pé."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ nílé nígbà náà, Mà."

"Èmi kọ́ ni mo mú un wá, ọmọ mi. Àwọn tó mú un wá ló lè wá mú un. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní àdúrà tí mò ń gbà kò tíì tó. Tí mo bá lé e jáde báyìí, ibòmíràn ni wọ́n máa gbé e lọ, wọ́n á sì fi ẹ̀wọ̀n dè é níbẹ̀. Ọwọ́ mi kò ju báyìí lọ."

Ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ṣe é. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ààwẹ̀. Wọ́n ní kó máa bá àwọn rán etí aṣọ funfun. Mo bá a nídìí abẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń rán.

Àárín àkókò náà ni mo lọ sí Àpòmù láti lọ bá a mú ìró. Mo rí èéfín láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Wọ́n ti kó gbogbo aṣọ tó hun jọ, àti abọ́ kásẹ́ẹ̀tì, àti èyí tó wà lórí òfì, wọ́n ti dáná sun ún. Okùn kásẹ́ẹ̀tì kì í jó bí òwú. Ó ń súnkì, ó ń yọ́, ó ń kán tó-tó-tó sílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń gún imú. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró ti iná náà pẹ̀lú igi lọ́wọ́, omijé ń dà lójú wọn.

"Mo fẹ́ kí ara rẹ̀ yá ni," ni wọ́n ń sọ fún mi. "Olúwa mọ ọkàn mi. Mo fẹ́ kí ara rẹ̀ yá ni."

Mi ò lè bá wọn jà. Kò sí ohun tó kù láti fà yọ nínú iná. Mo mú ìró tí mo wá mú, mo sì lọ.

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí i, ó fa ìborùn mi sí imú.

"Wọ́n ti sun ún," ló wí.

Ó kó ìborùn náà padà sí èjìká mi, ó tún un ṣe bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó sì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló wá mú un nígbẹ̀yìn. Ó padà sílé, ó ń se oúnjẹ, ó ń tọ́jú ọmọ, gbogbo èèyàn ní àdúrà ti gbà. Lọ́jọ́ kan ọkọ rẹ̀ ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ̀kan tí kò bàjẹ́ rárá, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì gbé e fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa gbọ́ orin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín dòdò tà lóríta. Kò fẹnu kan òfì mọ́.

Ọdún mélòó kan kọjá. Mo lọ́kọ, mo bímọ. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń lọ sópin, wọ́n kó àwa olùkọ́ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nínú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Ìbàdàn. Mo wọlé, mo gbójú sókè, mo rí aṣọ náà lára ògiri. Wọ́n ti fi gíláàsì bò ó. Ìbú ni wọ́n gbé e kọ́, títì náà wá sùn gbọọrọ bí odò. Wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ni, a kò mọ ẹni tó ṣe é.

Mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà pé ẹ̀gbọ́n mi ló hun ún. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà fi sùúrù gbọ́ mi.

"Mà, ara ògiri níbí la bá a nígbà tí a gba hòtẹ́ẹ̀lì yìí. Ṣé ẹ ní ìwé kankan tó fi hàn pé tiyín ni? Fọ́tò ńkọ́?"

Mi ò ní. Ta ni ì bá ya fọ́tò rẹ̀? Ó ní kí wọ́n fún mi ní mínírà tútù. Ó ṣe mí bíi pé kí n fọ́ gíláàsì náà. Mo mu mínírà náà, mo wọ inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ, mi ò sì gbọ́ ohunkóhun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

Mo rò ó dáadáa kí n tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí agbada dòdò ni mo bá a. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó yí dòdò, ó kó o jáde kúrò nínú òróró.

"Ìbú ni wọ́n gbé e kọ́?"

"Ìbú ni."

"Mú mi lọ."

A lọ. Ó wọ léèsì rẹ̀ kan ṣoṣo. Sẹ̀kúríìtì bi wá léèrè ẹni tí a fẹ́ rí, mo purọ́ pé a wá béèrè yàrá fún àlejò. Ó lọ dúró níwájú gíláàsì náà. Kò sunkún. Ó gbé orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká, kó lè rí i bí ó ṣe hun ún, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó pẹ́.

Ọmọbìnrin ìdí káńtà jáde wá. Kò dá mi mọ̀. "Mà, ṣé ọrùn ń dùn yín ni? Ẹ wá jókòó."

"Rárá, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mò ń wo nǹkan ni."

Mo fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin náà pé obìnrin yìí ló hun ún, òun gan-an rèé. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ó rọra fún un. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní aṣọ náà dára, ó ní àwọn òyìnbó tó bá dé ibẹ̀ máa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dára." Lẹ́yìn náà ó ní ká máa lọ.

Nínú mọ́tò, ó fi orí lé mi léjìká kó tó di pé a dé Aṣèjìrè, ó sùn lọ. A sọ̀ lóríta Àpòmù nírọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń dúró, wọ́n ń béèrè ibi tó lọ látàárọ̀. Ó ní òun lọ kí ẹnì kan ní Ìbàdàn. Ó yọ gèlè, ó so ó mọ́dìí, ó sì ní kí n bá òun fẹ́ iná.